Fágúnwà tàbí Òkédìjí? Ẹgbẹ́ ìkàwé wa fẹ́ pín sí méjì

Adéọlá_Bódìjà
Ọjọ́ Àìkú, 7:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń di iyàn láàárín wa, ẹ wá bá wa dá sí i. Ọ̀rẹ́ mẹ́jọ ni wá, ọ̀sẹ̀ méjìméjì la sì máa ń pàdé fún wákàtí méjì láti ka ìwé Yorùbá. Mẹ́rin nínú wa ní Fágúnwà ni dandan, pé ẹgbẹ́ ìkàwé Yorùbá tí kò bá tíì ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, eré ọmọdé ló ń ṣe. Mẹ́rin yòókù ní àwọn ti jáde níléèwé, ìwé tí yóò gba oorun lójú làwọn ń fẹ́: Àjà Ló Lẹrù ti Òkédìjí, Owó Ẹ̀jẹ̀, Ó Le Kú.

A gbà láti gbìyànjú Ògbójú Ọdẹ. 30 ojúewé la fi sí ìpàdé kan, kí kálukú kà á nílé. Nígbà tó máa fi di ìpàdé kejì, ẹni mẹ́ta péré ló kà á dé ibi àdéhùn. Àwọn tí kò kà á ní ìwé náà le koko bí ojú ẹja, àwọn tó kà á ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Méjì nínú wa, London ni wọ́n ti dàgbà: wọ́n gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ ń dá wọn dúró. Ṣé kí a gbé ìwé yìí tì ni, àbí ọ̀nà wà tí a lè gbà kà á tí kò fi ní dà bí iṣẹ́ àṣetiléwá?

BabaLékan
Ọjọ́ Àìkú, 8:03 alẹ́

Ẹ gbé e tì jàre. Owó Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ mú. Kọ́lá Akínlàdé, 1976. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, èdè rẹ̀ já gaara, Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀, ń tú ìdí ọ̀ràn náà díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń kà á sì lè máa bá a ṣírò. Àwọn ará London yẹn á bá a lọ. Fágúnwà kò sá lọ, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Olùkọ́_Àgbà
Ọjọ́ Àìkú, 8:47 alẹ́

Adéọlá, ẹ má tíì gbé e tì. Ẹ̀bi ìwé náà kọ́, ẹ̀bi 30 ojúewé tí ẹ ní kí olúkúlùkù lọ dá kà nínú yàrá ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí ìwé yẹn ti wá. Ìdíje ìwé kíkọ kan tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní 1936 ni Fágúnwà, tó jẹ́ olùkọ́, kọ ọ́ fún. Ilé ìtẹ̀wé CMS tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Àwọn ọmọ iléèwé ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ìwé tí a wá gbé sórí pẹpẹ lónìí, tí a ń fi dẹ́rù ba àgbàlagbà, ìwé ọmọ iléèwé ni. Kí ló dé tí kò fi le fún wọn? Wọ́n ń kà á sókè ni, ẹnì kan ń kà, àwọn yòókù ń gbọ́.

Etí ni wọ́n kọ ọ́ fún. Fágúnwà kì í sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Á sọ ọ́, á tún un sọ lọ́nà mìíràn, á wá fi ẹ̀kẹta dì í. Ojú tó ń sáré lórí ìwé máa ń rí èyí bí àwítúnwí, etí sì ń gbọ́ ọ bí ìlù. Àní inú ìtàn náà gan-an, baba àgbà kan ló ń sọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́ baba náà á tún padà wá, àwọn èèyàn á sì ti péjọ láti gbọ́. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nínú ìwé ni kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.

Ẹ dín in kù sí ojúewé 12 fún ìpàdé kan. Ojúewé kan máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bí a kò bá sáré, nítorí náà ìṣẹ́jú 36 ni kíkà máa gbà; wákàtí kan àti díẹ̀ á ṣẹ́ kù fún ọ̀rọ̀ àti oúnjẹ. Ẹni mẹ́rin ni kí ó kà, ojúewé mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá kọjá mẹ́ta, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, á máa jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu. Ìwé náà kò ju nǹkan bí 100 ojúewé lọ, ìpàdé mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ẹ ti parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn láti kà gbọ́dọ̀ ti kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì nílé, kí ó fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré síbi tí ó ti yẹ kí ó mí. Gbólóhùn Fágúnwà lè gba ìlà mẹ́fà kí ó tó dúró. Bí òǹkàwé bá mí níbi tí kò yẹ, ìtumọ̀ á já bí okùn.

Àwọn tí kò kà nílé kò jẹ yín ní gbèsè kankan, kí ẹ sì má pè wọ́n ní ọ̀lẹ mọ́. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́.

Mọ́remí_Peckham
Ọjọ́ Àìkú, 9:30 alẹ́

Ẹ ṣeun, sà. Ní ti àwọn méjì tó dàgbà sí London, àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ló ń dá wọn dúró, kì í ṣe Fágúnwà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá rí “nwọn”, “aiye”, “enia” àti “yio”, àkọtọ́ àtijọ́ ni. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni “wọ́n”, “ayé”, “ènìyàn”, “yóò”. Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ẹni tó kọ́ ìwé kíkà lẹ́yìn ìgbà náà á máa kọsẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá sórí káàdì kan, kí wọ́n máa fi sí àárín ìwé. Àwọn tó ń ṣini lọ́nà jù nìyí: “on” ni “òun”, “ẹnyin” ni “ẹ̀yin”, “nigbati” ni “nígbà tí”, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. Àmì tó rí bí ìgbì omi lórí fáwẹ̀lì, fáwẹ̀lì méjì ló dúró fún: “bẹ̃” ni “bẹ́ẹ̀”, “dãdã” ni “dáadáa”. Ẹni tí kò bá mọ àmì yìí á máa pe ọ̀rọ̀ náà kúrú, kò sì ní dá a mọ̀ létí ara rẹ̀. Tó bá di ìpàdé kẹta wọn ò ní wo káàdì náà mọ́.

Ohun kejì ni àmì ohùn. Ìwé àtijọ́ kì í fi sí gbogbo ọ̀rọ̀. “Ọkọ” tí kò lámì lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ó sì lè jẹ́ ọkọ́ tí à ń fi roko. Ẹni tó gbọ́ èdè á mọ̀ ọ́n láti inú gbólóhùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka gbólóhùn náà tán. Nítorí náà, ẹ má gbé kíkà sókè fún wọn ní ìpàdé mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí wọ́n máa fi ìka tẹ̀ lé ẹni tó ń kà. Ní ìpàdé kẹrin, ẹ fún wọn ní ojúewé kan, kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

ỌmọAláàfin
Ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe, torí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Fágúnwà nìkan ló le. Ta ló sọ fún yín pé Òkédìjí rọrùn?

Àjà Ló Lẹrù, 1969, fàájì ni lóòótọ́. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, àti Tàfá Ìgìrìpá ń lé ọ̀daràn kiri, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣe gbólóhùn asọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ìtàn náà yá. Àmọ́ èdè rẹ̀! Òkédìjí kì í sáábà pa òwe délẹ̀. Á gé e sí ààbọ̀, á yí i po, á fi òmíràn bò ó mọ́lẹ̀. Orúkọ ìwé yẹn gan-an, ààbọ̀ òwe ni. “Irọ́ ni pẹpẹ ń pa” ni apá kejì rẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ apá kejì á rò pé ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni. Èdè Ọ̀yọ́ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹ̀fẹ̀ àti èébú tí ẹni tó dàgbà sí Èkó pàápàá lè máà gbọ́. Bí ẹ bá gbé e lé àwọn ará London yẹn lọ́wọ́ pé kí wọ́n fi najú, wọ́n á mọ ẹni tí wọ́n ń lé, wọn ò ní mọ ohun tó ń pa àwọn yòókù lẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó rọrùn lóòótọ́, Ó Le Kú ni, 1974. Àjàní, ọmọ yunifásítì, àti ọmọbìnrin mẹ́ta: Àṣàkẹ́, Lọlá, Ṣadé. Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi èdè ojoojúmọ́ kọ ọ́, iyàn rẹ̀ kì í sì í tán, nítorí kò sí ẹni méjì tó máa gbè sẹ́yìn ọmọbìnrin kan náà. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ti wo fíìmù Túndé Kèlání ti 1997 á fẹ́ fi fíìmù jiyàn. Ẹ ní kí ó fi ojúewé hàn. Owó Ẹ̀jẹ̀ ni kí ó tẹ̀ lé e, kí Òkédìjí wá ṣe ẹ̀kẹta.

Kúnlé_T
Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Ṣé kò ní dáa kí àwọn ará London kọ́kọ́ ka èyí tí Soyinka túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968? Bí wọ́n bá ti mọ ìtàn náà, ti Yorùbá á rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Mọ́remí_Peckham
Ọjọ́ Ajé, 7:24 àárọ̀

Bùrọ̀dá Kúnlé, ẹ jẹ́ kó wá lẹ́yìn. Soyinka kò tẹ̀ lé ìwé náà ní gbólóhùn sí gbólóhùn. Akéwì ni, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ṣe lórí rẹ̀. Ẹ wo orúkọ ìwé náà nìkan. Irínwó, tàbí irínwó lé kan, ni Yorùbá ń ka irúnmalẹ̀ sí. Nínú ti Soyinka ó di ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá gbé méjèèjì síwájú pé òun ń fi ọ̀kan tọ́ ìkejì á sọnù kó tó dé ojúewé kẹta, á wá rò pé òun ni kò gbọ́ Yorùbá. Bí wọ́n bá sì ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, wọn ò ní fi etí sí bí Fágúnwà ṣe sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni adùn ìwé náà wà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka apá kan tán ní Yorùbá, ẹ mú ààbọ̀ ojúewé kan níbẹ̀, kí ẹnì kan ka ti Soyinka sókè, kí ẹ wá wo ohun tó yọ kúrò àti ohun tó fi kún un. Ìṣẹ́jú 15 tó. Àwọn ará London ló máa ń gbádùn apá yìí jù, torí níbẹ̀ àwọn náà lè tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà.

BabaLékan
Ọjọ́ Ajé, 12:40 ọ̀sán

Ó dáa, mo gbà pé kí wọ́n kà á sókè. Mo sì gba ọ̀rọ̀ ỌmọAláàfin lórí Òkédìjí, mo gbàgbé bí òwe rẹ̀ ṣe ń lọ́ po.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa Fágúnwà. Tí àwọn ọdẹ inú ìwé náà bá dé Òkè Lángbòdó, tí Ìragbèje, ọlọ́gbọ́n ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n nímọ̀ràn fún ọjọ́ méje nínú ilé olójúlé méje yẹn, ìtàn á dúró gbagidi. Ìwàásù ni. Ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ibẹ̀ ló sì ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Kí Adéọlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fò ó, kí wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń padà sílé.

Àṣàbí_Àkéte
Ọjọ́ Ajé, 1:31 ọ̀sán

Bàbá, ẹ forí jì mí, ẹ ò lè fo ibẹ̀. Ọba ló rán àwọn ọdẹ náà lọ sí Òkè Lángbòdó kí wọ́n lè mú ohun tí yóò ṣe ìlú láǹfààní bọ̀. Bí a bá yọ ọjọ́ méje yẹn kúrò, kí ni wọ́n wá lọ mú? Òkú òpò ni gbogbo ìjà ojú ọ̀nà já sí nìyẹn.

Òótọ́ ni pé kò ṣeé kà sókè tán nínú ìpàdé kan, àwọn èèyàn á tòògbé. Ẹ pín in. Ẹni mẹ́jọ ni wọ́n. Kí ẹni méje gba ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí kálukú ka tirẹ̀ nílé, kí ó wá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ bí ẹni ń pa ìtàn fọ́mọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin. Ìṣẹ́jú 28 nìyẹn. Ẹni kẹjọ á mú aago lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yan ọjọ́ kan tí wọn ò fara mọ́ ìmọ̀ràn rẹ̀, kí wọ́n bá Ìragbèje jiyàn. Ìmọ̀ràn rẹ̀ lórí ọmọ títọ́ nìkan á gba ìyókù ìpàdé.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó ń dùn mí bí a ṣe ń ya ìwé sí ti àgbà àti ti fàájì. Ní 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin kan ló ń kọ lẹ́tà nípa àwọn ọkùnrin tó ti bá pàdé láyé rẹ̀. Àwọn ará Èkó ń retí èyí tó kàn bí a ṣe ń retí fíìmù onípele lónìí. Fàájì pátápátá. Lónìí, inú yunifásítì la ti ń ṣàlàyé rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní Yorùbá. Ìhà wo ni ẹ fẹ́ fi sí? Bí ìjà yín kò bá parí, ẹ ka Sẹ̀gilọlá, lẹ́tà kan tàbí méjì ní ìpàdé kan. Ó ti wà ní gígé gígé fúnra rẹ̀, àwọn tó fẹ́ ìwé àgbà àti àwọn tó fẹ́ òfófó á jọ tẹ́ lọ́rùn.

Olóyè_Àlòkù
Ọjọ́ Ajé, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ló kàn mí. Ẹ rí i pé ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ẹ̀dà kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ “ojúewé 40” á di ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún tí wọ́n kọ síwájú ìwé kò sọ àkọtọ́ tó wà nínú rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń tún ti àtijọ́ tẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ṣí àárín, ẹ wá “nwọn” tàbí “wọ́n”, kí ẹ tó sanwó.

Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ yẹ nọ́ńbà ojúewé wò. Ìdì 16 tàbí 32 ni wọ́n sábà fi ń di ìwé pọ̀. Bí òwú bá já tàbí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, odidi ìdì ló máa yọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rí i tí 48 fò sí 65, ìdì kan ti lọ. Àárín ló ti máa ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó wo iwájú àti ẹ̀yìn nìkan kò ní mọ̀.

Ẹ má ṣe fi fótòkópì kà á. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà níbẹ̀, ẹ̀rọ máa ń pa àmì abẹ́ ọ, ẹ àti ṣ rẹ́, pàápàá bí ìwé náà bá ti pọ́n. Oko á di ọ̀kan náà pẹ̀lú ọkọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní Fágúnwà le, fótòkópì ló le.

Adéọlá_Bódìjà
Ọjọ́ Ajé, 8:20 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an o. Mo lọ wo ẹ̀dà wa: márùn-ún jẹ́ àkọtọ́ òde òní, mẹ́ta jẹ́ ti àtijọ́, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn fótòkópì ni, ọwọ́ ará London kan ló sì wà. A máa pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó tún pàdé. A máa padà sí kíkà rẹ̀, ojúewé 12 fún ìpàdé kan. Ó Le Kú ló máa tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́rin tó fẹ́ fàájì ló máa darí ìyẹn.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá? Tí a bá sì dé ibi ọfọ̀ àti oríkì, ṣé a gbọ́dọ̀ mọ ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀?

Olùkọ́_Àgbà
Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Ẹ padà síbẹ̀rẹ̀. Àkàrà-ògùn ni ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà; ìtàn ìyá rẹ̀, tó jẹ́ àjẹ́, ló ṣíwájú, bí bàbá rẹ̀ ṣe mọ̀ àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó ń sáré bí ìwé ọ̀daràn kankan. Bí àwọn tó fẹ́ fàájì bá gbọ́ ojúewé yẹn lẹ́nu ẹni tó mọ̀wé kà, tí kò bá mú wọn, ẹ wá bá mi níbí. Fún ìpàdé kejì, ẹ fi ìjà Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún, ṣe òpin, kí ẹ dúró nígbà tí ìjà ṣì gbóná.

Ọfọ̀ àti oríkì, ẹ má dúró túmọ̀ wọn. Ẹ kà á já lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ohùn tó yẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọ̀rọ̀ méjì tó fẹ́ mọ̀, ó parí. Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá ti Abraham, ti 1958, wúlò níbí, nítorí ó ṣàlàyé igi àti ẹranko kúnnákúnná. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó mú un dání, kí ó sì pa á dé nígbà tí kíkà bá ń lọ. Bí ẹni mẹ́jọ bá ń ṣí atúmọ̀ èdè, ẹ ti padà sí kíláàsì nìyẹn.

Kúnlé_T
Ọjọ́ Ajé, 9:15 alẹ́

Ọdẹ méje, pẹ̀lú òǹkọ̀wé tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó di mẹ́jọ. Ẹ̀yin náà sì jẹ́ mẹ́jọ. Ẹ ò ṣe pín ohùn láàárín ara yín?

Olùkọ́_Àgbà
Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ó dára, Kúnlé, àmọ́ kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àkàrà-ògùn kọ́kọ́ dá lọ sínú igbó kí ọba tó ránṣẹ́ pè é, lẹ́yìn náà ni Kàkó, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀ àtàwọn yòókù tó wọ ìtàn. Bí wọ́n bá pín ohùn ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹni mẹ́fà á jókòó láìsọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí àwọn ọdẹ bá péjọ. Kí ẹnì kan kọ orúkọ wọn sára ògiri nígbà náà, kí ó fi ẹ̀bùn tí kálukú ní sí iwájú orúkọ rẹ̀, nítorí bí ẹ bá gbàgbé pé orin ni ẹ̀bùn Olóhùn-iyọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń sún un síwájú nígbà mìíràn kò ní yé yín.